Ìdí Tí Olùtọ́jú Ọkàn Kì Í Fi Í Sọ Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Fún Yín

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ti lọ rí káńsẹ́lọ̀, ìyẹn olùtọ́jú ọkàn, ní Òṣogbo wa yìí ni pé: "Mo sọ, mo sọ títí, kò sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi." Wọ́n á ní owó àwọn ṣòfò. Wọ́n á ní bó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni, ẹ̀gbọ́n àwọn ní Òkè-Fìà ì bá ti parí ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10, láì gba kọ́bọ̀. Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí àròyé yìí: pé iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ni kó dá ẹjọ́, kó sì gbani nímọ̀ràn bí àgbà ilé ṣe ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ló sì ń mú kí àwọn tí ìtọ́jú náà ì bá ṣe láǹfààní pa á tì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ràn àgbà o. Ìjà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún, aáwọ̀ tọkọtaya: àgbà ló ń bá wa yanjú wọn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń jìyà ẹ̀ gan-an kò tíì mọ ohun tó ń ṣe òun. Kí ni àgbà fẹ́ dá lẹ́jọ́ níbẹ̀?

Ìtọ́jú tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní humanistic therapy, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn tó dá lórí ọ̀rọ̀ sísọ àti fífetí sílẹ̀ láì dáni lẹ́jọ́. Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1902, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nígbà tó ṣì ń bá àwọn ọmọdé àti òbí wọn ṣiṣẹ́ ní ìlú Rochester, ìyá kan ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ọmọkùnrin rẹ̀ tó ya pòkíì. Ó dá Rogers lójú pé àìfẹ́ràn tí ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ yẹn láti kékeré ló fa wàhálà. Ó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé, kò wọlé. Nígbà tó yá, ó ní ó jọ pé ìsapá àwọn ò so èso, bóyá kí àwọn kúkú dá a dúró. Obìnrin náà gbà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó ń lọ síbi ilẹ̀kùn ló bá yíjú padà, ó béèrè bóyá wọ́n máa ń gba àgbàlagbà náà níbẹ̀. Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà padà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti bí ayé ṣe sú òun tó. Kò jọ gbogbo ohun tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú gidi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe ìyá àti ọmọ láǹfààní. Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí Rogers gbà pé ẹni tí nǹkan ń dùn ló mọ ibi tó ti ń dùn ún, òun náà ló sì mọ ibi tó yẹ kọ́rọ̀ kọjú sí.

Ní 1957, ó to àwọn ohun tó gbà pé ó gbọ́dọ̀ wà kí ọkàn èèyàn tó lè yí padà. Mẹ́ta gbajúmọ̀ nínú wọn: kí olùtọ́jú gbìyànjú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí lára ẹni tó ń sọ ọ́, kó má ṣe dá a lẹ́bi, ohun yòówù kó sọ, kí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olóòótọ́, kí ojú rẹ̀ àti inú rẹ̀ bára mu. Èkejì ló ṣòro jù láàárín wa. Ta ni yóò gbọ́ "Inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí màmá mi kú" tí kò ní sọ pé "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ"? Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni náà fi tọ́jú ìyá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí kò fojú ba oorun. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò kú. Inú lọ́hùn-ún ni yóò ti máa jẹ ẹ́.

Ká ní obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba ló lọ. Ó ní, "Ẹ ṣáà sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi, ẹ jọ̀ọ́." Olùtọ́jú lè dáhùn pé, "Màmá, ó jọ pé ó ti rẹ̀ yín láti máa dá gbogbo ìpinnu gbé." Kì í ṣe pé ó sá fún ìbéèrè. Ohun tó bí ìbéèrè náà ló gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni omi ti máa ń bọ́ lójú. Ẹ jẹ́ kó bọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á béèrè ohun tó gbé yín wá, bí ẹ ṣe ń sùn, bí ẹ ṣe ń jẹun, àti bóyá èrò àtikú ti wá sí yín lọ́kàn rí. Ẹ má bínú sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ dáhùn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ẹ ó fẹnu kò lórí owó àti ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú 50, ló wọ́pọ̀. Kò sí oògùn lílò nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín kò gbọdọ̀ jáde, àfi bí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yóò wà láàárín ọ̀rọ̀. Ọkàn yín sì lè wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ohun tí ẹ ti bò mọ́lẹ̀ ti ń jáde.

Àwọn olùtọ́jú kan máa ń lo àga òfìfo, ọ̀nà tí Fritz Perls, tí òun náà jẹ́ olùtọ́jú ọkàn, sọ di olókìkí. Wọ́n á ní kí ẹ bá bàbá yín tó ti kú sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́sìn púpọ̀ yóò kọ́kọ́ ta kété sí èyí. Ẹnikẹ́ni ò pe òkú o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò rí sọ nígbà tó wà láyé ni ẹ̀ ń sọ síta. Bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ẹ ò ṣe.

Ìtọ́jú yìí nìkan kò tó fún ẹni tó ń gbóhùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀ tó sì ń ṣe bí ẹni tí agbára rẹ̀ ò lè tán. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè nílò oògùn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àtipa ara rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Àwọn mìíràn sì wà tó fẹ́ràn kí wọ́n fún wọn níṣẹ́ ṣe nílé. CBT, ìtọ́jú tó ń kọ́ èèyàn láti yẹ èrò àti ìṣe rẹ̀ wò kó lè yí wọn padà, yóò bá wọn lára mu. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Lẹ́yìn oṣù 6, ìtọ́jú tó jáde láti ara ti Rogers kò rẹ̀yìn sí CBT. Nígbà tó pé oṣù 12, CBT ló síwájú.

Kí ẹ tó sọ pé owó yín ṣòfò, ẹ sọ ọ́ lójú olùtọ́jú náà: "Bí ẹ ṣe dákẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn mí." Tàbí kẹ́ ẹ ní, "Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan." Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Yóò bá yín gbé e yẹ̀ wò, bó bá sì pọn dandan, yóò júwe ẹlòmíràn fún yín.