Ohùn ti dákẹ́ o, kí ló dé tí ọpọlọ ṣì ń falẹ̀?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí psychosis, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ò sí kó sì máa gba ohun tí kì í ṣòótọ́ gbọ́, bá mú èèyàn, ariwo ẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń rí: ó ń bá ẹni tí ò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ará àdúgbò ń ṣọ́ òun, ó ní wọ́n ń dárúkọ òun lórí rédíò, kò sùn, kò jẹun. Tó bá wá rí ìtọ́jú tó dáa gbà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ohùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, gbogbo èèyàn á máa dúpẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni apá kejì àìsàn yìí ń hàn sójú, òun ló sì máa ń pẹ́ lára jù. Ọmọ ò sọ ìsọkúsọ mọ́ o, àmọ́ ó ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò mọ ohun tó kà, wọ́n rán an níṣẹ́ ó gbàgbé, wọ́n bi í ní nǹkan ó pẹ́ kó tó dáhùn. Làwọn kan bá ní ọ̀lẹ ni.

Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ rírán yẹn wò. Ìyá ní, “Lọ ra ata ẹgbẹ̀rún kan náírà wá, tó o bá ń bọ̀ kó o yà gba kúlà mi lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, má sì gbàgbé ṣénjì o.” Ẹni tára ẹ̀ le á di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú sọ́kàn bó ṣe ń lọ, á kí èèyàn lójú ọ̀nà, á yẹ̀ fún ọ̀kadà, kò ní gbàgbé ìkankan. Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àyè tó wà níbẹ̀ ò sì tóbi fún ẹnikẹ́ni. Lára ẹni tí psychosis ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, àyè yẹn á tún fún sí i, kí ọ̀kadà kan ṣáà ti fọn fèrè báyìí, ọ̀rọ̀ kúlà ti lọ nìyẹn. Ó gbọ́ ohun tí ìyá ẹ̀ sọ, ó sì fẹ́ ṣe é, kò dúró lọ́kàn ẹ̀ ni.

Ti pé kò yára náà wà níbẹ̀. Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi ń wò ó: wọ́n á kọ nọ́ńbà 1 dé 9 sókè ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tiẹ̀ lábẹ́, nísàlẹ̀ nọ́ńbà nìkan ló tò lọ rẹrẹ, kéèyàn máa wo òkè kó máa fi àmì tó bá a mu sí i, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tàbí méjì ni wọ́n máa ń fún un. Kò le. Aláìsàn náà mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì lè má ṣì í rárá, àmọ́ tí aago bá dún, iye tó ti kọ ò ní tó ti ẹgbẹ́ ẹ̀. Nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún wọn, èyí wà lára àwọn tó ń fi ìyàtọ̀ hàn jù. Nínú ilé wá, tí èèyàn mẹ́ta bá jọ ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀, kó tó gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́ yé, wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ míì, ló bá kúkú dákẹ́, wọ́n á ní ó ti di agbéraga. Ojú èèyàn náà máa ń ṣòro fún un láti kà, ó lè rí ìyá ẹ̀ tó rẹ̀ kó rò pé inú ń bí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí ohùn dé lèyí dé. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó máa ń mú, láti bí ọmọ ọdún 15 sí 30, ìgbà tí iwájú ọpọlọ yẹn ṣì ń gbó lọ́wọ́. Tí wọ́n bá wo ẹ̀yìn dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á rí i pé èsì ìdánwò ẹ̀ nílé ìwé ti ń lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì lẹ́nu ẹ̀. Emil Kraepelin, dókítà ará Jámánì, rò láàárín 1890 sí 1900 pé ọpọlọ irú wọn á kàn máa bà jẹ́ lọ ni. Èrò yẹn ti le jù, nítorí nígbà tí wọ́n wá ń tẹ̀ lé àwọn aláìsàn fún ọdún mélòó kan, ti ọ̀pọ̀ wọn dúró sójú kan, tàwọn míì tiẹ̀ tún gbérí.

Oògùn ńkọ́? Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú psychosis ń dí ọ̀nà kẹ́míkà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ dopamine, ìyẹn ló ń pa ohùn lẹ́nu mọ́, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìrántí. Kódà àwọn kan nínú oògùn lè dá kún un: tí haloperidol, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, bá mú kí ara le gbagidi tàbí kọ́wọ́ máa gbọ̀n, wọ́n máa ń fi benzhexol tí wọ́n ń pè ní Artane kún un, Artane sì ń dí kẹ́míkà míì tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan. Ẹ bi dókítà bóyá ó ṣì nílò ẹ̀ àbí wọ́n lè dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra ẹ̀, àìsàn náà lè padà wá. Igbó mímu, àìsùn, ìbànújẹ́ ọkàn, gbogbo wọn náà ń fa ìrántí sẹ́yìn.

Èyí tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ìdánrawò, lórí kọ̀ǹpútà tàbí ìwé, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ wọn ní ọgbọ́n tí wọ́n á fi máa di nǹkan mú, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá ń lò ó sínú iṣẹ́ tàbí ilé ìwé gidi. Eré ìdárayá tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ náà dáa fún un. Ní Melbourne lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, láti 1992 ni wọ́n ti dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in, kí wọ́n má bàa pẹ́ níta iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Ṣáájú ìyẹn gan-an, ní Aro l'Abẹ́òkúta láti 1954, Dókítà Adeoye Lambo ti ń jẹ́ káwọn aláìsàn máa gbé abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú kí wọ́n sì máa bá àwọn èèyàn gbé ìgbé ayé wọn lọ.

Nílé, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ pa tẹlifíṣàn kẹ́ ẹ tó rán an níṣẹ́, ẹ ní kó tún un sọ fún yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹ̀ kó lè wò ó lọ́nà, kó fi aláàmù fóònù rántí oògùn. Tó bá fẹ́ padà sí yunifásítì, kó bi wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀ bóyá kọ́ọ̀sì tó máa gbà ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ yẹn lè dín kù, kó jókòó níwájú, kó sì gba ohùn lẹ́kíṣọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún un.