Ìtọ́jú àmì dúdú ara

Àmì dúdú ara ni ibi tí awọ ti ṣú ju èyí tó yí i ká lọ. Melanin, èròjà tó ń fún awọ àti irun ní àwọ̀, ló máa ń pọ̀ jù lójú kan tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí kò lè ní in, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú ló ti máa ń hàn jù tí ó sì máa ń pẹ́ jù.

Okùnfà

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àpá tí ìrorẹ́, egbò, ara sísú tàbí iná fi sílẹ̀: ojú egbò ti jinná, dúdú rẹ̀ ló kù. Melasma yàtọ̀ sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti òkè ètè ló máa ń bò, lọ́tùn-ún lósì, obìnrin ló sì ń ṣe jù, pàápàá nígbà oyún tàbí lórí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Ọrùn tàbí abíyá tó ṣú tó sì nípọn bí aṣọ àrán lè fi hàn pé insulin, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ nínú ara. Ìpara kò lè wo ìyẹn.

Bí melanin ṣe jìn tó

Ibí ni ìtọ́jú ti ń yàtọ̀. Awọ òkè máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, nítorí náà melanin tó wà níbẹ̀ lè bá a ṣí kúrò láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tó ti já sí ìpele ìsàlẹ̀ máa ń ní àwọ̀ eérú, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún, ìpara kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oníṣègùn lè tan iná Wood, iná ultraviolet kan, sí i nínú òkùnkùn láti mọ ìyàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé lórí awọ tó dúdú gan-an.

Ìtọ́jú

A ó kọ́kọ́ wo ohun tó fà á, a ó sì bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Láìsí èyí, oògùn kankan kì í dúró. Ìpara aláàbò tó ní SPF (òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn tó) 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń dámọ̀ràn, kí a sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì níta. Fún melasma, èyí tó ní iron oxide (èròjà aláwọ̀ tó ń dí ìmọ́lẹ̀) dára jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí pàápàá máa ń mú un ṣú.

Hydroquinone ni oògùn tí wọ́n ti lò pẹ́ jù. Ó ń dí tyrosinase, ẹ́ńsáìmù tí ara fi ń ṣe melanin, lọ́wọ́. Lọ́dún 1975, àwọn oníṣègùn awọ Kligman àti Willis pò ó pọ̀ mọ́ tretinoin (oògùn tó wá láti ara fítámì A) àti dexamethasone (sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń dín ara wíwú kù). Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, tí hydroquinone inú rẹ̀ jẹ́ 4%, ṣì wà lára èyí tó lágbára jù fún melasma. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, lábẹ́ ojú oníṣègùn. Bí ó bá pẹ́ jù, ó lè fa ochronosis: awọ á tún ṣú sí i, á sì le débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé tọ́jú mọ́. Gúúsù Áfíríkà yọ ọ́ kúrò nínú ohun ìṣaralóge tí a fi ń bóra ní 1990, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2001.

Azelaic acid rọrùn fún awọ, ó ń wo ìrorẹ́ pẹ̀lú, aláboyún sì lè lò ó. Tretinoin kò yẹ wọ́n. Niacinamide àti fítámì C rọra ń ṣiṣẹ́. Tranexamic acid tí a ń gbé mì ń ran melasma lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí nínú iṣan. Oògùn tó ń bó awọ òkè àti laser (ìtànṣán iná alágbára) wà, ṣùgbọ́n ooru wọn tàbí agbára wọn lè dá àmì tuntun sí awọ dúdú.

Ewu

Ọṣẹ àti ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata ti 2013, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì, kà wọ́n mọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró nígbà tó bá fi máa di 2020. Ìpara onísítẹ́rọ́ọ̀dù tí a ń pa láìdáwọ́dúró ń sọ awọ di fẹ́lẹ́.

Àmì dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná, tó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ rí págunpàgun tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, lè jẹ́ melanoma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ. Oníṣègùn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi ìpara kankan kàn án.