Omi odò tó ń dán láìsí ọ̀dà funfun: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwòrán Harpignies

Ta ni Harpignies, àwọn odò wo ló sì yà?

Henri-Joseph Harpignies ni, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tó máa ń fi ọ̀dà olómi (watercolour) yàwòrán. Valenciennes, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1819, ó sì pẹ́ láyé títí di 1916. Kò tètè wọnú iṣẹ́ náà: ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán Jean Achard ní 1846. Ní 1860, òun àti Corot, ayàwòrán ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, jọ rìnrìn àjò lọ sí Ítálì. Ó ya odò Loire, ṣùgbọ́n lójú tiwa, àwọn odò kéékèèké ló mọ̀ dénú: Aumance tó ṣàn kọjá ní Hérisson, àti Loing ní Saint-Privé, níbi tó fìdí kalẹ̀ sí tó sì kú sí.

Bí kò bá sí ọ̀dà funfun lórí omi yẹn, níbo ni dídán rẹ̀ ti wá?

Láti ara bébà ni. Ọ̀dà olómi fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, á kan bébà funfun tó wà lábẹ́, á sì padà sójú ẹni tó ń wò ó. Ọ̀dà funfun kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Lókè níbẹ̀ ló ti ń dá a padà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rí bí ẹfun. Nítorí náà, kí ayàwòrán tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọmi rárá, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kò ní fọwọ́ kàn.

Ọ̀nà mìíràn méjì tún wà. Lórí bébà tó rí hákahàka, wọ́n máa ń fa búrọ́ọ̀ṣì tí omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ kíá, kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀: orí àwọn ibi tó yọ gọngọ nìkan ni ọ̀dà yóò mú, àwọn kòtò wẹ́wẹ́ á ṣẹ́ kù ní funfun, omi á sì máa tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ìkejì ni kí wọ́n fi ṣóńṣó abẹ ha ọ̀dà kúrò. Ìyẹn dìgbà tí bébà bá gbẹ táútáú. Tí ó bá ṣì tutù, yóò ya. Má sì tún kun ibi tí o ti ha, torí gọ́ọ̀mù ojú bébà ti bọ́ lọ níbẹ̀. Ṣe ni ọ̀dà á kàn rì wọlé, á di àbàwọ́n.

Mo ń gbìyànjú ojú omi gbalaja, àmọ́ ó máa ń hu nǹkan bí òdòdó. Kí ló fà á?

O ti fi omi kan bébà tó gbẹ dé àárín. Omi tuntun yẹn á ti èròjà àwọ̀ sẹ́yìn lọ sí etí ibi tó ti ń gbẹ, ibẹ̀ ni yóò sì kóra jọ sí.

Bébà olówùú tí ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni kó o lò. Tí ó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún bí ìṣẹ́jú 5, tẹ́ ẹ sórí pátákó, fi bébà olẹ́ẹ̀ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o sì jẹ́ kó gbẹ lórí ìdùbúlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ká kò, ọ̀dà á sì lọ dúró sínú kòtò. Fi nǹkan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 gbé òkè pátákó sókè. Po ọ̀dà tó ju èyí tó o rò pé wàá lò lọ, torí kó tán láàárín iṣẹ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá, nọ́ńbà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fa ìlà àkọ́kọ́ láti etí dé etí. Omi á kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà, omi yẹn gan-an ni ìlà kejì yóò gbé sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó o bá dé ìsàlẹ̀, fún búrọ́ọ̀ṣì gbẹ, kó o fi fa èyí tó ṣẹ́ kù mu.

Bí dídán omi bá ti kúrò lójú bébà, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣì tutù, fi í sílẹ̀.

Ṣé igi inú omi kì í ṣe igi orí ilẹ̀ tá a kàn dorí rẹ̀ kodò?

Rárá o. Ohun tó dúdú máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i nínú omi. Ohun tó mọ́lẹ̀, bí ojú ọ̀run, máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i. Àwòrán igi nínú omi kì í yẹ̀, abẹ́ igi gan-an ló ń wà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni omi ti ń wo nǹkan: ikùn afárá tí ìwọ tó o dúró lẹ́bàá odò kò rí, omi ń fi hàn, ilé tó wà lẹ́yìn bèbè, tí o rí òrùlé rẹ̀ kedere, lè má sí nínú omi rárá. Ẹni tó bá kàn ṣe àdàkọ igi, gíláàsì ló yà, kì í ṣe odò. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú omi, níbi tí atẹ́gùn fọwọ́ kàn, ló ń mú kí odò náà dùbúlẹ̀. Ọ̀kan tàbí méjì ti tó.

Kí ló dé tí igi fi di aláwọ̀ aró (búlúù), tí ọ̀run sì pọ́n, nínú àwọn àwòrán olómi ayé ìgbà yẹn kan?

Wọ́n ti ṣá ni. Àwọn ayàwòrán sábà máa ń po àwọ̀ ewé láti ara aró àti àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n rí lára igi. Ìmọ́lẹ̀ á jẹ ìyeyè tán, á ku aró. Tí wọ́n bá sì po ẹlú (àwọ̀ kan náà tó wà nínú àdìrẹ) mọ́ àwọ̀ amọ̀ pupa fún ìkùukùu, ẹlú ló máa kọ́kọ́ lọ. Ní 1888, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Abney, tẹ ìwádìí jáde ní ìlú Ọba tó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́: púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀ tí wọ́n tì mọ́ ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ kò yí padà, àwọn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó rin ló ṣá.

Ìdí nìyí tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù fi ń dín iná kù sí bíi lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), tí wọ́n á pàtẹ àwòrán olómi fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n á tún kó o padà sínú òkùnkùn. Èyí tó ti ṣá kò ní padà. Bí o bá ní ọ̀kan nílé, gbé e kúrò lọ́kànkán fèrèsé, kí gíláàsì má sì fara kan bébà. Bí o bá fẹ́ mọ bó ṣe ṣá tó, jẹ́ kí oníṣẹ́ férémù ṣí páálí tó yí i ká: etí tó fara pa mọ́ lábẹ́ páálí náà ṣì lè ní àwọ̀ tí ayàwòrán fi sí i.