Pé ó ń ṣe láìfù ò sọ ilé ẹ̀ di gbangba

Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ jù nídìí iṣẹ́ lọ́yà tí mò ń ṣe l'Ábújá níbí, tó sì máa ń dùn mí wọra, ni "ṣebí òun ló gbé ara ẹ̀ síta". Wọ́n á ní ọmọbìnrin tó ń se oúnjẹ lójú kámẹ́rà lójoojúmọ́, àbí ẹni tó lọ Big Brother tí gbogbo Nàìjíríà ń wo bó ṣe ń sùn, kí ló tún kù tó ń fi pamọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ṣí pálọ̀ fún àlejò ò ní kí wọ́n wọ yàrá òun o. Ibi tó gbà kí kámẹ́rà dé nìyẹn, ibi tó kù ṣì jẹ́ tiẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀, ilé èèyàn, lẹ́tà ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ lòfin dáàbò bò, kò sì yọ gbajúmọ̀ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló máa ń fà á táwọn olólùfẹ́ fi ń wá gbajúmọ̀ délé. Látọdún 1956 làwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Horton àti Wohl, ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń wo èèyàn déédéé lórí tẹlifíṣọ̀n á máa rò pé ọ̀rẹ́ òun ni, bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn ò mọ̀ ọ́n rí. Ti ìsinsìnyí tún wá le jù torí pé ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wò ń dáhùn, ẹ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i lórí TikTok ó pe orúkọ yín, "ẹ ṣé o, Ìyá Kúbwà", ó parí, ẹ ti di ẹbí nìyẹn! Ẹ mọ orúkọ ìyá ẹ̀, ẹ mọ ìgbà tó sunkún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ ní Wuse Market kò lè dá yín mọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń di ẹjọ́ rèé. Òfin VAPP ti 2015, èyí tó de ìwà ipá, ń ṣiṣẹ́ ní FCT níbí, ó sì mẹ́nu ba kéèyàn máa ṣọ́ ẹnì kan léraléra, kó máa dúró kiri nítòsí ilé tàbí ibi iṣẹ́ ẹ̀, kó máa tẹ̀ lé e débi tẹ́rù á fi bà á. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2 ni, àbí owó ìtanràn tó lè tó ₦500,000, àbí méjèèjì. "Mo kàn fẹ́ kí i ni" ò gbani níbẹ̀. Àwọn tó tún ń kọ ọ́ sí i pé àwọn máa pa á torí pé kò fẹ́ ọkùnrin táwọn fẹ́ fún un, òfin Cybercrimes, èyí tó de ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè rán wọn lẹ́wọ̀n tó tó ọdún 10. Ti iléèwé ọmọ ẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri ló burú jù lójú tèmi, ọmọ yẹn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe láìfù náà, ẹ wo ẹ̀yìn yín kẹ́ ẹ tó tan kámẹ́rà. Géètì, tiransifọ́mà, pátákó ẹ́síteètì ní Gwarinpa, ẹni tó mọ àdúgbò á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Fídíò tẹ́ ẹ bá yà ní Jabi Lake, ẹ dé ilé kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Tẹ́nì kan bá ń dààmú yín, ẹ má tíì bùlọ́ọ̀kù ẹ̀ o, ẹ kọ́kọ́ ya skrinṣọ́ọ̀tù tó fi déètì àti orúkọ ákáǹtì ẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ tọ́jú fóònù yẹn gan-an, torí abala 84 òfin Evidence ti 2011, òfin tó wà fún ẹ̀rí ní kóòtù, ní ohun tó béèrè kí kóòtù tó gba nǹkan tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde, lọ́yà yín á bá yín ṣe sátífíkéètì ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ tẹ̀ṣọ̀n.

Ẹ̀yin ádímìn gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ náà, tẹ́nì kan bá ju àdírẹ́sì gbajúmọ̀ yín síbẹ̀, kódà kó jẹ́ pé kéèkì bọ́ọ̀dè lẹ fẹ́ gbé lọ, ẹ pa á rẹ́ kíá, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń bá a rí sí iṣẹ́ ẹ̀ pé ibo lẹ lè gbé kéèkì yẹn sí.