Kí Ẹ Tó Yọ Owó Bàtà Badminton

“Kóòṣì, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?” Àwọn tó ń bi mí báyìí á ti ṣí fóònù, wọ́n á gbé àwòrán bàtà Yonex kan àti bàtà Victor kan kò mí lójú. Èmi náà á kọ́kọ́ bi wọ́n pé: orí ilẹ̀ wo lẹ ti ń gbá badminton yín? Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé mo ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀ ni. Rárá o. Ilẹ̀ yẹn ló máa sọ bóyá bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀ yín, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára.

Rọ́bà ìsàlẹ̀ bàtà badminton gidi máa ń rọ̀. Wọ́n ṣe é kó lè di ilẹ̀ pákó àti ẹní rọ́bà mú, irú ẹní tí Anuoluwapo Opeyori gbá lé nígbà tó ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024. Mélòó nínú wa ló ń rí ẹní gbá lé? Kọnkéré ọgbà ilé-ìwé ni tiwa, tàbí tẹ̀ràsó gbọ̀ngàn ìjọ. Tẹ̀ràsó ṣì dára díẹ̀, bí wọ́n bá ti gbá eruku rẹ̀ kúrò. Ní ti kọnkéré, á rin rọ́bà yẹn bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé kọnkéré ló ń tẹ̀ nígbà gbogbo, bàtà tẹ́níìsì ni kó rà, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ó sì nípọn. Ó wúwo ju ti badminton lọ lóòótọ́, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àmọ́ kì í pẹ́ mọ́ni lára.

Èyí tí mi ò ní gbà fún yín ni bàtà eré sísá. Sísáré lọ síwájú nìkan ni wọ́n ṣe é fún: gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, fóòmù rẹ̀ sì rọ̀ bọ̀kọ̀bọ̀kọ̀. Kọ́ọ̀tù ẹnìkan-sí-ẹnìkan fẹ̀ ní mítà 5.18, apá tiyín sì gùn ní mítà 6.7. Inú ibẹ̀ lẹ ti ń ti igun kan fò sí igun kejì, tí ẹ ń dúró lójijì, tí ẹ tún ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí bàtà gíga ni ọrùn ẹsẹ̀ ti máa ń yí.

Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti yanjú, ó kan bí bàtà ṣe bá ẹsẹ̀ mu, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń le jù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé “nọ́ńbà méjìlélógójì ni mò ń wọ̀”. Méjìlélógójì ilé-iṣẹ́ kan lè fún yín lẹ́sẹ̀, kí ti òmíràn sì máa yọ̀ kiri. Nọ́ńbà Yúróòpù kan sí èkejì tó nǹkan bíi mìlímítà 6.7, nítorí náà àṣìṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í ṣe kékeré. Sẹ̀ntímítà ni kí ẹ lò. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gbá a, ẹ dúró lórí ìwé kí gìgísẹ̀ yín kan ògiri, kí ẹlòmíràn sì fi bírò sàmì sí ibi tí ìka tó gùn jù dé. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fi èyí tó gùn ra bàtà.

Fífẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àwa tí a fi ẹsẹ̀ lásán sáré dàgbà sábà máa ń fẹ̀ níwájú. Bí bàtà bá há wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni kí wọ́n ra èyí tó gùn sí i. Iwájú á wá gbà wọ́n, àmọ́ gìgísẹ̀ á máa yọ jáde. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tó fẹ̀. Yonex 65Z, bí àpẹẹrẹ, ní irú rẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kàn rìn síwá sẹ́yìn níwájú dígí. Ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá na ẹsẹ̀ ọwọ́ tí ẹ fi ń di ràkẹ́ẹ̀tì mú síwájú gbọọrọ, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé shuttle, bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ tí a ń gbá, nídìí àwọ̀n. Gìgísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ balẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá gbá iwájú bàtà, ẹ bọ́ ọ, ẹ dá a padà: ohun tó ń sọ èékánná àtàǹpàkò di dúdú nìyẹn. Bí gìgísẹ̀ bá gbéra nínú bàtà nígbà tí ẹ ń padà sẹ́yìn, ẹ fi okùn bọ ihò tó kẹ́yìn lókè, kí ẹ tún un dán wò. Bó bá ṣì ń gbéra, kì í ṣe tiyín.

Ní ti fóòmù, ọ̀pọ̀ ló ń fi àtàǹpàkò tẹ inú bàtà, tí wọ́n á ní “èyí rọ̀ o”. Rírọ̀ kọ́ la ń wá. Gìgísẹ̀ ló ń gba ìyà ìgbésẹ̀ gbọọrọ yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kí fóòmù pọ̀ sí. Iwájú ní láti wà nítòsí ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè mọ ohun tó ń tẹ̀. Ọ̀dọ́ tó fúyẹ́ tó sì yára lè wọ bàtà pẹlẹbẹ bíi Aerus ti Yonex. Ẹni tó sanra, tàbí tí orúnkún ti ń dùn, kó wo àwọn tó dúró ṣinṣin: Eclipsion lọ́dọ̀ Yonex, tàbí èyí tí Victor fi lẹ́tà P ṣáájú orúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ Victor yìí, S wà fún eré yíyára, A sì wà láàárín. Ẹni tó ń gbá a lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò nílò èyí tó gbówó lórí jù nínú wọn. Gel-Rocket ti ASICS, tí wọ́n ṣe fún eré inú gbọ̀ngàn, á ṣe é.

Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì bàtà àtijọ́ yín, bí ẹ bá ń fi ọ̀tún gbá a. Ẹ̀gbẹ́ inú, lápá àtàǹpàkò, ló ti jẹ, àbí? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni a máa ń wọ́ nílẹ̀ nígbà tí tiwájú bá nà. Nítorí náà, bàtà tí rọ́bà rẹ̀ gùn dé orí àtàǹpàkò níbẹ̀ á pẹ́ ju èyí tó jẹ́ aṣọ lásán lọ. Ẹni tó bá ń ra òkìríkà, kó gbé e sórí tábìlì, kó wò ó láti ẹ̀yìn: bó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ fóòmù rẹ̀ ti hunjọ, fóòmù ti kú, bó ti wù kí rọ́bà ìsàlẹ̀ dán tó.

Ẹ má fi bàtà sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn. Ooru ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, aránbàtà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i lẹ̀ padà bó ṣe wà. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ ní títì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá nù tí kò tún di ilẹ̀ mú mọ́, rọ́bà rẹ̀ ti gan, ẹ wá òmíràn.