Àgùdà ló gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n wọ Àjàṣẹ́, kì í ṣe Faransé

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ ìtàn búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n, Paris ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, Paris náà ni wọ́n ń parí ẹ̀ sí. Mi ò jiyàn pé Faransé ló sọ ọ́ di ohun èlò gidi ní ọ̀rúndún 18, torí kó tó dìgbà yẹn ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi ń pa ọṣẹ sí èèyàn lágbọ̀n. Irun ẹranko kan tó ń gbẹ́ ihò sùn, tí wọ́n ń pè ní blaireau, ni wọ́n fi ṣe èyí tó gbayì, orúkọ ẹran yẹn náà ni wọ́n sì fi ń pe búrọ́ọ̀ṣì títí dòní. Ní 1808 ilé Plisson ti bẹ̀rẹ̀ ní Paris. Ó dáa, a ti gbọ́. Ta ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa l'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo? Ní tèmi o, àwọn Àgùdà wa ni, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti Brazil padà wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, torí irun fífá kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa. Wọ́n ń fá orí ọmọ tuntun, wọ́n ń fá orí opó, wọ́n ń fá orí ìyàwó òrìṣà. Onígbàjámọ̀ á bu omi, á rẹ orí yẹn dáadáa, á fọwọ́ pa ọṣẹ dúdú lé e títí táá fi hó, ìgbà yẹn lá tó mú abẹ. Iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe náà nìyẹn, kí irun rọ̀, kó dìde, kí abẹ má ha ara. Ẹ tún wo ìrùkẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ Bàrùbá, lọ́nà Nìkì, ni ẹṣin ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, ìrù ẹ̀ ò sì ṣòfò, àwọn tó mọ̀ ọ́n dì á to irun náà jọ, wọ́n á fi awọ fún un nídìí pinpin, kó má baà máa já bọ́. Ẹni tó lè di ìrùkẹ̀rẹ̀, kí ló kù tí ò mọ̀ nínú iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì? Èmi gbà tọkàntọkàn pé onígbàjámọ̀ kan á ti ki ìdì irun ẹṣin bọ inú ọṣẹ rí ní Kétu, kí Dàhọ̀mì tó wá fọ́ ìlú náà ní 1886, torí ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ọwọ́ ló bá ogun yẹn lọ.

Ti Àjàṣẹ́ ló wá ṣe kedere. Ní Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ọmọ Áfíríkà ló kún ìdí iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ẹrú àti ẹni tó ti ra ara ẹ̀ padà, àwọn ló ń fá irùngbọ̀n, àwọn ló ń yọ eyín, àwọn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, àwọn náà ló tún ń lùlù tí wọ́n ń fun fèrè lọ́jọ́ ọdún ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle ní 1835, ọ̀pọ̀ wọn padà sílé. José Paraíso wà nínú àwọn tó ti Brazil dé láàárín ọ̀rúndún yẹn, ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí, onígbàjámọ̀ sì ni. Domingos José Martins, oníṣòwò ẹrú tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ló mú un wá sí etí òkun wa pé kó máa fá òun. Ìdílé Paraíso yẹn ló di gbajúmọ̀ l'Àjàṣẹ́, Ignácio ọmọ ẹ̀ sì di olùdámọ̀ràn Ọba Tòfà. Martins kú ní 1864, ìjọba Faransé ò sì tíì rídìí jókòó níbí nígbà yẹn, 1883 ni wọ́n tó padà wá dúró. Ẹ wá sọ fún mi, onígbàjámọ̀ tó ti Bahia kọ́ṣẹ́ bọ̀, tó ń fá olówó bẹ́ẹ̀, ṣé ọwọ́ lásán lá máa fi pa ọṣẹ? Àwọn kan ní sójà Faransé ló kó o wá nínú àpò wọn. Ọjọ́ ò bára mu, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ó wá ku irú irun. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló wọ́pọ̀, ló sì dínwó jù, àwọn ará Ítálì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an, ó máa ń le níbẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sómi, tó bá pẹ́ ẹnu irun á là, á wá rọ̀. Ó dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ ò ní fi kan ojú. Ti blaireau ń mu omi púpọ̀, owó ẹ̀ sì ga, China ló ti ń wá jù. Èmi ti ẹṣin ni mo yàn. Irun ìrù ẹ̀ le, ti ọrùn ẹ̀ rọ̀, oníṣẹ́ á pò wọ́n pọ̀ bó ṣe fẹ́, wọn ò sì ní láti pa ẹṣin kí wọ́n tó rí i gé. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe dáadáa, ẹnu ẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ ọ́n: oníṣẹ́ á da orí irun kọ ìsàlẹ̀ nínú ife kékeré kan, ife yẹn ló ń jẹ́ kó rí roboto, á fokùn di ìdí ẹ̀, á fi gúlù mọ́ ọn, kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan ẹnu irun rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ní gbígbẹ, tó bá ń gún yín, wọ́n ti gé e lẹ́nu nìyẹn.

Àwọn tó ń bú irun ẹṣin máa ń fa ọ̀rọ̀ anthrax yọ, àrùn tó ń ti ara ẹran ran èèyàn. Nígbà ogun 1914 sí 1918 ni, blaireau wọ́n bí ojú, wọ́n wá ń fi irun ẹṣin láti Éṣíà ṣe búrọ́ọ̀ṣì láìpa kòkòrò ara ẹ̀, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà bá ń kó àrùn, àwọn kan kú. Ní 1920 Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí tó ń ti Japan bọ̀. Ẹṣin ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni o, irun tí wọn ò fọ̀ ló fa wàhálà.

Réésà Gillette, tó gbàwé àṣẹ ní 1904, ti ń tàn ká nígbà yẹn, ọṣẹ agolo tó ń hó fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1950, irun ike náà sì ti dé, ó máa ń tètè gbẹ, kò sì kan ẹlẹ́dẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ fọ ọṣẹ kúrò nídìí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fá tán, ẹ gbọn omi ara ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.