Báwo làwọn akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí wọn kì í dá ìmeèlì yín lóhùn?

Ṣé dandan ni kéèyàn ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì kó tó lè máa kọ ìròyìn nípa ẹ̀?

Rárá o. Àwọn tó kà á wà níbẹ̀, àwọn tó ka ìtàn tàbí òfin náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Walter Bagehot tó jẹ́ olóòtú The Economist, ìwé ìròyìn ọrọ̀ ajé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1861 títí tó fi kú ní 1877, ìṣirò ló kà, ó tún kọ́ òfin, ó sì ṣiṣẹ́ ní bánkì tó jẹ́ ti ẹbí ẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni ẹni tí nọ́ńbà ò lè dẹ́rù bà, tó lè wo rìpọ́ọ̀tù kó béèrè pé ta ló ka nọ́ńbà yìí jọ, báwo ló ṣe kà á jọ, àwọn wo ló sì fi sílẹ̀ tí ò kà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ nílé iṣẹ́ tó ń tajà ìròyìn fún àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn mí ì, irú Reuters tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1851 tàbí Bloomberg News tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ibẹ̀ le gan-an, torí ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń díje, àmọ́ ẹni tó bá fara dà á níbẹ̀ á mọ nọ́ńbà kà.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Kàlẹ́ńdà ló ń darí wọn. Ní Amẹ́ríkà, rìpọ́ọ̀tù lórí iye èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ sábà máa ń jáde ní Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago 8:30 àárọ̀. Bánkì àpapọ̀ wọn ń ṣèpàdé lórí èlé owó lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́dún, IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, náà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ńlá ẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé àgbáyé jáde ní April àti October. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2020, wọ́n máa ń ti àwọn akọ̀ròyìn mọ́nú yàrá kan kí rìpọ́ọ̀tù iṣẹ́ yẹn tó jáde, wọ́n á gba fóònù wọn, wọ́n á fún wọn ní ìwé náà kí wọ́n kà á kí wọ́n kọ ìròyìn wọn sílẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan síta àfi tí aago bá lù. Ìdí ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nọ́ńbà yẹn lè fi pa owó ńlá lọ́jà ìpín ìdókòwò.

Wọ́n ní ọ̀wọ́ngógó ti rọlẹ̀, ọjà ò sì wálẹ̀. Ṣé irọ́ làwọn akọ̀ròyìn yìí ń pa ni?

Wọn ò purọ́, àmọ́ tí wọn ò bá ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, irọ́ ló máa jọ lójú ẹni tó ń náwó. Ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n ń sọ ni bí ọjà ṣe ń yára gbówó lórí sí. Ẹ wò ó: ọjà tí wọ́n ń tà ní 100, tí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 130. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ọ̀wọ́ngógó já sí ìdá 20, gbogbo ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé ó ti rọlẹ̀, òótọ́ sì ni, àmọ́ ọjà yẹn ti di 156. Akọ̀ròyìn tó mọṣẹ́ á sọ méjèèjì, á sì wá ẹni tí 156 yẹn ń dùn lọ kó gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹni yẹn ló sì máa ń ṣòro láti rí jù, ẹ rántí ìyẹn tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn.

Mo fi ìmeèlì ránṣẹ́ nípa ilé iṣẹ́ mi, wọn ò dáhùn. Kí ni mo ṣe?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara yín lẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. “Inú wa dùn láti kéde pé ilé iṣẹ́ wa tó jẹ́ aṣíwájú…”, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń pa á rẹ́, torí pé irú ẹ̀ pọ̀ nínú àpótí ìmeèlì wọn lójoojúmọ́. Àmọ́ ká ní ẹ kọ ọ́ báyìí: “Láti bí oṣù mẹ́fà, àwọn oníṣòwò kéékèèké tó yáwó lọ́wọ́ wa tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé ká sún ọjọ́ tí wọ́n máa san án síwájú ti di ìlọ́po méjì. Dátà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, méjì nínú wọn sì ti gbà láti bá yín sọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ tuntun ti wà níbẹ̀, ẹ̀rí wà níbẹ̀, èèyàn tó máa sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, akọ̀ròyìn sì lè gbé e tọ olóòtú ẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Ilé iṣẹ́ yín ṣì máa hàn nínú ìròyìn náà, torí ọ̀dọ̀ yín ni dátà ti wá.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nǹkan mẹ́ta mẹ́rin tí ẹni náà ti kọ. Ẹni tó ń kọ nípa èlé owó ò fẹ́ gbọ́ nípa áàpù tuntun, bó ti wù kí áàpù náà dára tó. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti fi ìmeèlì kan náà ránṣẹ́ sí igba èèyàn, àmọ́ wọ́n máa ń mọ̀, ó sì máa ń bí wọn nínú.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Ọjọ́ mélòó kan kí nọ́ńbà ńlá tó jáde. Tí ẹ bá ní nǹkan tó kan ọ̀wọ́ngógó, ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa kéde ẹ̀, torí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an akọ̀ròyìn ò ní ráyè ka tiyín.

Tí mi ò bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ mi ńkọ́?

Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀, kí akọ̀ròyìn náà sì gbà. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ tán kí ẹ wá sọ pé “ọ̀rọ̀ yẹn, off the record ni o”, ìyẹn ni pé kó má gbé e jáde, kò dè é. Bákan náà ni embargo: tí ẹ bá fẹ́ kó dúró di aago kan kó tó gbé e jáde, ẹ gba àdéhùn lọ́wọ́ ẹ̀ ná kí ẹ tó fún un ní ìwé náà.

Ṣé mo lè ní kó jẹ́ kí n ka ìròyìn náà kó tó jáde? Ṣé kí n fún un lówó ńkọ́?

Owó, ẹ má dán an wò láé, ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì máa ba orúkọ ẹ̀yin náà jẹ́. Ní ti kíka ìròyìn ṣáájú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ò gbà á, àmọ́ ẹ lè ní kó ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi sẹ́nu yín àti àwọn nọ́ńbà yín sí yín létí, kí àṣìṣe má bàa wọ̀ ọ́.

Tí ò bá dáhùn, ṣé kí n pè é?

Ẹ fi ìmeèlì kúkúrú kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ẹ sì fi nǹkan tuntun kún un, ó lè jẹ́ nọ́ńbà tuntun tàbí ẹlòmíì tó ti gbà láti sọ̀rọ̀. Tó bá tún dákẹ́, ẹ gbé e lọ fún akọ̀ròyìn mí ì.